Ogun Aṣálẹ̀ Tí Èmi àti Àjàní Fi Lẹ́tà Jà

Ìkìrun,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní, 2025.

Àjàní ọmọ mi,

O kú ọyẹ́ tiwa, o kú yìnyín tiyín. Bí ètè rẹ bá ti là bíi tèmi, fi òrí pa á. Ara mi le, ẹsẹ̀ mi le. Ojú mi náà le, torí mo mọ̀ pé òun lo máa kọ́kọ́ béèrè.

Páálí tí o fi rán ọmọ Ẹ̀kọ́-Èńdé tó ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ wálé sí mi ti dé. Mo mì ín, ó ń dún ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ṣokoléètì dé. Mo ránṣẹ́ pe Mọ́ṣúdù ọ̀rẹ́ mi ní Òkukù pé kó gun ọ̀kadà wá, kó wá jẹ nínú ohun tí ọmọ mi ń jẹ lókè òkun. Mo rò pé kò dúró gba àdúà ìparí Jímọ̀ọ̀ kó tó gbéra. A tú páálí. Ogun la bá nínú ẹ̀!

Ìwé ńlá kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi yanrìn, tí wọ́n fà ní yàrá-yàrá bí afárá oyin. Páálí pẹlẹbẹ kéékèèké rẹpẹtẹ, tí kò ju èékánná lọ, tí wọ́n ya ọkọ̀ ogun sí lára. Mọ́ṣúdù ju ọ̀kan sẹ́nu, ó ní bóyá bí bisikíìtì yín ṣe rí nìyẹn. Mo ní kó pọ ọmọ ogun mi jáde kíá.

Peace ló ka ìwé rẹ fún mi, tíṣà tó ń kọ́ni ní Inísà tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé n ò lè kà á o. Gíláàsì mi ló wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní o ní irú ẹ̀ kan náà ní Leeds, pé ká máa ta á síra wa, kí n má baà máa ta ayò nìkan. Mo gbà. Mo sì gbọ́ àdéhùn tí o so mọ́ ọn: pé tí o bá nà mí, kí n gbà kí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi ní Òṣogbo. Ojú èwo? Ojú tí mo fi wa lọ́rì láti Ìkìrun dé Màídúgùrì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí iná iwájú kan ṣoṣo ń tàn?

Ó dáa. Tèmi náà rèé. Tí mo bá nà ọ́, ìwọ, Bùkọ́lá ìyàwó rẹ àti Iyìolúwa ọmọ yín, ìdí àga mi níbí lẹ ó ti jẹun Kérésì. N ò fẹ́ fídíò. Ẹ̀yin fúnra yín ni mo fẹ́, pẹ̀lú erùpẹ̀ Ìkìrun lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti sin ìyá rẹ, "ọdún tó ń bọ̀" lò ń wí látìgbà náà. Ọdún tó ń bọ̀ ti gbó o.

Má sì pè mí lórí fóònù nítorí ogun yìí. Èéfín ni ọ̀rọ̀ fóònù, bó bá jáde ó ti lọ. Inú ìwé ni kó o kọ ọ́ sí kí ẹ̀rí wà. Peace á máa ya tèmi ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ, á sì máa tẹ tìẹ jáde sórí ìwé níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé.

Èmi bàbá rẹ,
Ọ̀gágun Oyèdélé.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, 2025.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àìrí ṣokoléètì. Bùkọ́lá kí yín. Iyìolúwa ní ṣé lóòótọ́ ni bàbá òun ń bá bàbá bàbá òun jagun, mo ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá ogun sílẹ̀.

Mo gba àdéhùn yín. Àwa méjì la mọ̀ ọ́n, Peace ni ẹlẹ́rìí.

Bí eré náà ṣe rí rèé. Ẹ̀yin lẹ ni àwọn ọkọ̀ pupa, ẹ̀ ń ṣọ́ Kànga Ràkúnmí tó wà láàárín aṣálẹ̀. Èmi ni mo ni àwọn ọkọ̀ búlúù, mo fẹ́ gba kànga náà. Ìgbà mẹ́wàá péré ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ní láti rìn. Bí ọkọ̀ mi kan ṣoṣo bá wọ yàrá kànga kí ìgbà kẹwàá tó parí, mo jẹ. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ jẹ. Nọ́ńbà méjì ló wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: tọwọ́ òsì ni agbára rẹ̀, tọwọ́ ọ̀tún ni iye yàrá tó lè rìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn táńkà ló ń gbé epo tẹ̀ lé wọn; ọkọ̀ tí epo ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní lè yí táyà.

Kí Peace máa ju dáìsì fún àwa méjèèjì, ká fi mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rìn nígbà kọ̀ọ̀kan.

Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín. Ìlà kẹta sì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Peace fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ tèmi.

Ọmọ yín,
Ayọ̀díjí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, 2025.

Àjàní awakọ̀ bọ́ọ̀sì,

O kú iṣẹ́ o, ìwọ tó ń gbé èrò méjì káàkiri Leeds nínú ọkọ̀ tó lè gba ọgọ́rin. Èmi tí mò ń kó ọgọ́rùn-ún àpò obì, ta ló kí mi?

Ta ló ní kó o tẹ̀wé sí mi bíi pátákó ìdìbò? Àwọn tó wà lójú títì ń kà á láti òdìkejì. Ìyá aláàkàrà ti bi mí léèrè pé kí ni Kànga Ràkúnmí, ṣé ìjọba ti fẹ́ gbẹ́ kànga fún wa. Ní ti lẹ́tà tèmi tó o ní ó tóbi: mo kọ ọ́ gàdàgbà torí pé ibi tó o wà jìnnà.

A ti tẹ́ aṣálẹ̀ sórí tábìlì ìyá rẹ. Peace ń ju dáìsì, àmọ́ ó kọ́kọ́ ní pásítọ̀ àwọn ní tẹ́tẹ́ ni. Mo ní owó dà níbẹ̀? Ó rò ó títí. Ní báyìí, inú ife tíì ló ń dà wọ́n sí, ó ń fi ọwọ́ bo ife, ó ń sọ pé "ẹ̀jẹ̀ Jésù" kó tó dà á. Mẹ́fà-mẹ́fà ló sì ń bọ́ sí ọ! Mo ní Peace, ta ni Jésù rẹ ń bá jà nínú àwa méjèèjì? Ó ní òdodo. Mo fi í sílẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé ọmọbìnrin yìí kò lè parọ́ bí wọ́n tilẹ̀ fi ìyà jẹ ẹ́.

Ìrìn mi nìyí: gbogbo ọkọ̀ mi, ẹ̀yìn òkè yanrìn, lápá gúúsù. Wọ́n ń sinmi. Mo fi ọ̀kan síbi tó funfun yẹn.

Bàbá rẹ tó ń sinmi.


Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ooru. Ẹ kú ààwẹ̀ tí Bàbá Mọ́ṣúdù ń gbà, tí mo mọ̀ pé ẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà níwájú wọn.

Mo ti rin ìgbà márùn-ún. Ọkọ̀ mi mẹ́rin ti gba àárín aṣálẹ̀ kọjá bí ìjì. Kò sí ẹni tó dá wọn dúró! Àwọn tí a jọ máa ń ta eré yìí lọ́jọ́ Sátidé wo ìwé wa, wọ́n ní ta ni arúgbó tó kó gbogbo ogun rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn òkè yìí? Mo ní bàbá mi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣẹ̀sín, wọ́n ti dàgbà.

Àmọ́ Bàbá, ibi funfun tí ẹ gbé ọkọ̀ kan sí yẹn, adágún iyọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á rì. Ó ti rì. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?

Ayọ̀díjí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, 2025.

Àjàní,

Mo rí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rì í ni. Mo fẹ́ kí o máa fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń ṣe nǹkan mìíràn.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ní ọdún tí wọ́n bí ọ, lọ́rì mi kú sínú yanrìn lẹ́yìn Màídúgùrì. Ọkọ̀ tuntun ni o, ó ń ké bí ẹkùn. Epo tán. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá kan gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá. Ó wo lọ́rì mi, ó wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ kò mọ akíkanjú, epo ló mọ̀.

Nítorí náà, n ò bá ọkọ̀ ogun rẹ jà. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa fi dúró níwájú wọn? Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Mo kí wọn pé ẹ kú ìrìn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo jáde láti ẹ̀yìn òkè, mo jókòó sórí ọ̀nà tí táńkà epo rẹ ń gbà. Gbogbo wọn ni mo gbà. Wá wo Mọ́ṣúdù, ó bọ́ fìlà, ó ń jó lórí ààwẹ̀.

A ti rin ìgbà mẹ́jọ, pẹ̀lú mẹ́ta tó o kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìwé rẹ. Ó ku méjì. Ọkọ̀ rẹ wà ní yàrá méjìlá sí kànga, kò sì ní epo tó lè tan sìgá. Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ọjọ́ Sátidé pé arúgbó ti jí lójú oorun.

Sọ fún Bùkọ́lá kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ọ̀ta ayò ni mí, ọ̀pè ni ọ́.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2025.

Ayọ̀díjí,

Oṣù méjì. Mo tún un kà: oṣù méjì.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo ti yọ orí ní Ìbà. Peace ní o ń kí mi lórí fóònù, mo ní kó sọ fún ọ pé n kì í gba ìkíni lọ́wọ́ ẹni tí mò ń bá jagun. Ṣé bí ọmọ ẹni ṣe ń ṣe nìyí tí wọ́n bá nà án? Nígbà tó o wà ní kékeré, tí mo bá jẹ ọ́ nínú ayò, ìwọ náà ni o máa ń da ọpọ́n nù, tó o máa lọ dákẹ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá rẹ ló máa ń fi dùńdú bẹ̀ ọ́ jáde.

Kò sí ìyá rẹ mọ́. Jáde wá fúnra rẹ.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ foríjì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ojoojúmọ́ ni mò ń wo aṣálẹ̀ yìí. Bùkọ́lá ní kí n kó o kúrò lórí tábìlì ká lè ráyè jẹun. Ọ̀nà kankan ò sí. Bí eré ṣe wí, ẹ ti nà mí.

Kí n sọ òótọ́. Ilé iṣẹ́ ti pín ìsinmi Kérésì, wọn ò fún mi. Mo lè bẹ ẹnìkan kó bá mi pààrọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni. N ò mọ ìdí tí ẹ̀rù wíwá sílé fi ń bà mí. Bóyá torí pé mi ò tíì rí ilé náà láìsí Màmá nínú rẹ̀ rí ni.

Ohun kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Peace sọ fún mi pé ẹ da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó sì bó yín lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹ kí òpó iná lójú títì, tí ẹ ń bi í pé àwọn ará ilé ńkọ́. Bàbá, tí mo bá gbà pé ẹ jẹ, ẹ ò ní gbé ojú yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí n ò fi kọ̀wé. Mi ò fẹ́ kí ogun yìí parí.

Ayọ̀díjí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, 2025.

Àjàní mi,

Peace ti di amí. Mo ti fi owó ilé rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín. Òpó iná yẹn jọ Alàgbà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé àdúgbò wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sọ bóyá mo parọ́. Òpó náà tilẹ̀ dákẹ́ jù ú lọ.

Má jẹ́ kí ilé ìyá rẹ bà ọ́ lẹ́rù. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé báyìí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Kò gbóná, kò tutù. Àga ni.

Kí n sọ ti ojú fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ká má sọ ọ́ mọ́. Bàbá kan wà ní Ìbà tí a jọ ń wa ọkọ̀. Awọ funfun bo ẹyin ojú rẹ̀ bíi tèmi. Ọkùnrin kan tó ń kiri ìlú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ní òun á tì í kúrò níbẹ̀. Ó tì í lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìyàgbẹ́. O ní ti dókítà yàtọ̀. Bóyá ó yàtọ̀. Èmi ò sọ pé ẹ̀rù ń bà mí o. Mo ní mò ń ronú ni.

Ó yá, ká padà sójú ogun. Mọ́ṣúdù wá lánàá, ó wo aṣálẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Oyèdélé, o ò bọ́ ọ."

Mo ní, "Bọ́ ta ni?"

Ó ní, "Ọmọ rẹ. Ilé rẹ̀ ṣófo. Nínú ayò, bí ọmọ ayò bá tán nílé ẹni tí ò ń bá ta, ṣé kì í ṣe pé wàá gbin sílé rẹ̀ kó lè rí nǹkan ta? Ṣé ìwọ náà ti di ẹni tó ń febi pa ará ilé rẹ̀ kó lè jẹ?"

Mo ní ogun òyìnbó ni, kì í ṣe ayò. Ó ní, "Orí tábìlì ta ni ogun náà wà?"

Àjàní, òótọ́ ló sọ. Látìgbà tí mo ti ń ta ayò, àádọ́ta ọdún ó lé, n ò fi ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lófìfo rí kí n tó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òkukù, wọn ò ní bá a ta mọ́. Nítorí náà, gba táńkà epo kan. Ọkọ̀ rẹ tó wà níwájú ni mo bù ú fún. Èmi ò sì ní rìn rárá nínú ìgbà méjèèjì tó kù. Màá jókòó, màá máa mu tíì, tí n ò ní dà á sẹ́sẹ̀. Yàrá méjìlá ló wà níwájú rẹ. Bó o bá lè fò, fò.

Ẹni tó bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì,
Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ ṣé. Mo ka ìwé yín fún Bùkọ́lá, ó ní kí n jẹ́ kí òun sunkún ná.

Ìgbà kẹsàn-án: ọkọ̀ iwájú rin yàrá mẹ́fà.
Ìgbà kẹwàá: ọkọ̀ iwájú rin yàrá mẹ́fà. Ó wọ Kànga Ràkúnmí.

Mo jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ lọ sí Òṣogbo.

Ayọ̀díjí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ ogún, oṣù keje, 2025.

Ìwọ ọmọ yìí,

Olè! Ọ̀fọ̀n-ọ̀n! Mo fún ọ lómi mu, o gba kànga mọ́ mi lọ́wọ́!

Mo pe Peace. Mo ní, "Wo ọkọ̀ yẹn dáadáa. Nọ́ńbà ọwọ́ ọ̀tún, mélòó ni?"

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín, Bàbá."

Kí ni kí n ṣe? Mo ti ń sọ fún un láti oṣù kìn-ín-ní pé gíláàsì ló ń dà mí láàmú. Mo gbé e súnmọ́ imú, mo gbé e jìnnà sí imú, mo yí i sí oòrùn. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo ní, "Mo ti rí i. Mẹ́fà ni." Ó ní, "Ẹ kú ojú, Bàbá."

Kò burú. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, n ò sì ní fi ẹnu náà kó o jẹ. Wọ́n ti dá ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ fún mi ní Òṣogbo. Mọ́ṣúdù máa tẹ̀ lé mi. Ó ní òun fẹ́ rí bí ọ̀gágun ṣe ń ké. Tí n ò bá rí nǹkan mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, kí ẹ fún un ní aṣálẹ̀ náà, kó máa fi bo ìkòkò.

Kí Iyìolúwa gbàdúrà. Tirẹ̀ ni mo fẹ́. Tìẹ ti dọ̀tí.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, 2025.

Bàbá mi,

Ọjọ́ méjìlá ti kọjá. Mo pe Peace ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé, "Bàbá ní kí n má sọ nǹkan kan, pé inú ìwé ni ẹ máa gbọ́ ọ." Mo bi í pé ṣé wọ́n ríran? Ó ní òun ò lè parọ́, nítorí náà òun á gbé fóònù sílẹ̀. Ó sì gbé e sílẹ̀!

Lánàá, mo wa bọ́ọ̀sì kọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta láìdúró. Àwọn èrò ń lu gíláàsì.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kódà bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ kọ ọ́. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín, n ò sì fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ títí màá fi mọ̀ pé ẹ wà dáadáa.

Ayọ̀díjí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 2025.

Àjàní,

Wo lẹ́tà mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá ló wà lórí ìlà yìí. Kà á.

Iṣẹ́ abẹ náà kò gùn tó àkókò tí Mọ́ṣúdù fi ń ṣe àlùwàlá. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tòsì di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ni Mọ́ṣúdù. Mo ké. Mo ní ta ni bàbá arúgbó yìí, ọ̀rẹ́ mi dà? Nọ́ọ̀sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Mọ́ṣúdù ní kó fi mí sílẹ̀, pé ara mi ti yá.

Mo délé, mo rí ilé alántakùn ọdún mẹ́ta lókè àjà. Mo rí i pé ṣòkòtò tí mò ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú kì í ṣe dúdú, àwọ̀ ewé ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Mo rí Alàgbà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé àti òpó iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n jọra.

Lẹ́yìn náà mo gbé fọ́tò Iyìolúwa sílẹ̀ lára ògiri. Ọdún méjì ni mo ti ń fi í han gbogbo ayé, pé ẹ wo ọmọ tó jọ mí bí ìmumu. Irọ́ ni mò ń pa, Àjàní. N ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju pé ohun pupa kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rí i báyìí. Kò jọ mí rárá. Ìyá rẹ ni, títí kan bó ṣe ń fi ẹnu ṣe bí ẹni fẹ́ bú èèyàn. Mo jókòó sórí àga yẹn pẹ̀lú fọ́tò náà títí Peace fi wá tan iná.

Nígbà tí mo dìde, mo ní kí n wo aṣálẹ̀ mi, kí n wo ibi tí ogun ti bà mí jẹ́. Mo rí ọkọ̀ rẹ nínú kànga, ó jókòó bí ọba. Mo mú un. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Márùn-ún.

Mo wò ó títí. Mo nu ojú mi tuntun. Márùn-ún! Márùn-ún lọ́nà méjì, mẹ́wàá ni. Yàrá méjìlá ló wà níwájú rẹ. O rẹ́ bàbá rẹ jẹ ní yàrá méjì gbáko, ìwọ ọmọ Oyèdélé, lórí epo tí mo fọwọ́ ara mi bù fún ọ!

Mo pe Peace. Mo ní, "O mọ̀." Ó ní, "Bàbá, ẹ bi mí, mo ní kí ẹ wò ó fúnra yín. Ṣé mo parọ́?" Mo ní, "O ò parọ́, àmọ́ mo ti fi hóró kan kún owó ilé rẹ." Ó ní hóró kí ni? Mo ní hóró ẹ̀pà. Ó san án lójú ẹsẹ̀.

Gbọ́ ìdájọ́. Mo lọ sí Òṣogbo torí pé o jẹ. O ò jẹ. Nítorí náà èmi ni mo jẹ, èmi náà ni mo sì lọ sí Òṣogbo. Mo ti san tìẹ. Ó ku tèmi. Lọ bẹ ẹni tó o máa bá pààrọ̀ ìsinmi.

Bàbá rẹ tó ń wò ọ́.


Leeds,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Bàbá mi,

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mẹ́wàá ló ń jẹ́. Mo mọ̀ pé bí ojú yín bá là lóòótọ́, ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ fi mú ni èmi. Mo kọ mẹ́fà síbẹ̀, mo sì ń gbàdúrà pé kí ẹ mú mi.

Mo bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́, ó gbà láìjanpata. Mo ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan láti ọdún mẹ́sàn-án. Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá la máa balẹ̀ ní Èkó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iyìolúwa ti kọ́ eré náà. Ó ní òun fẹ́ bá yín ta, òun sì fẹ́ ọkọ̀ pupa.

Ọmọ yín, ẹlẹ́ṣẹ̀,
Ayọ̀díjí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Àjàní,

Ìwé rẹ dé. Mo ní kí Peace fi lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti kà á, èmi nìkan. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, torí pé mo lè kà á ni.

Kí Iyìolúwa mú pupa, èmi á mú búlúù. Sọ fún un pé nínú ilé yìí, bí epo rẹ̀ bá tán, a ó bù fún un.

Ìwọ ni n ò ní bù fún mọ́.

Bàbá yín.